Richard Ihetu tí Ayé Mọ̀ sí Dick Tiger: Láti Ọjà Aba Dé Pápá Ìṣeré Ìbàdàn

Nígbà tí Anthony Joshua, ẹni tí orírun ìdílé rẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, gba bẹ́líìtì àgbáyé ní ọdún 2016, ó rọrùn fún ọ̀dọ́ ìwòyí láti rò pé ìgbà náà ni iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1963, kí a tó la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi mọ́tò ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ń gbà kọjá. Ọ̀nà yìí náà ni ẹni tí ó bá fẹ́ ti Èkó lọ wo ìjà ńlá kan ní láti tọ̀, èyí tí ó wáyé ní pápá ìṣeré Liberty ní Òkè Àdó, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 10, oṣù Ògún, ọdún náà. Ẹni tí ó borí nínú ìjà ọ̀hún kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Ìgbò ni. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Dick Tiger ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Àwọn tí wọ́n ń sọ ìtàn Dick Tiger sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí adé ti dé orí rẹ̀. Bí a bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a ti fo ibi tí ìtàn náà gbé lágbára jù lọ, nítorí pé ìgòkè ọkùnrin yìí kò yá rárá. Ó ti di ẹni ọdún 33 kí ó tó di olúborí àgbáyé, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ ti máa ń bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀. Kí ó sì tó dé ibẹ̀, àkókò kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìjà wò kò ní fi kọ́bọ̀ kan ta tẹ́tẹ́ lórí rẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 14, oṣù Ògún, ọdún 1929, ní Amaigbo, ìlú kan ní agbègbè Orlu, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Imo lónìí. Kò ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìbí rẹ̀ tí àwọn obìnrin agbègbè náà fi dìde sí ìjọba amúnisìn nítorí ọ̀rọ̀ owó orí, rògbòdìyàn tí àwọn òpìtàn ń pè ní Ogun Àwọn Obìnrin Aba. Ọmọ ọwọ́ kò lè mọ ohunkóhun nípa èyí. Síbẹ̀, ó yẹ kí a fi irú àkókò tí a bí i sí sọ́kàn: owó tí epo pupa ń mú wọlé ti wálẹ̀, ọwọ́ ìjọba sì le lára àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré. Ìlú Aba tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ogun yìí náà ni yóò wá di ilé fún un.

Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin ó fi Amaigbo sílẹ̀, ó lọ sí Aba láti wá oúnjẹ òòjọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó ti Port Harcourt wá gba Aba kọjá, ọjà ibẹ̀ sì ti di ọjà ńlá tí ará ibi gbogbo ń ná. Iṣẹ́ tí ó rí ṣe níbẹ̀ kò ní ògo kankan nínú: ó ń kó ìgò òfìfo jọ, ó sì ń tà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn rárá. Ẹni tí ó ń ta ìgò ní láti rin ìrìn púpọ̀, kí ó ru ẹrù wíwúwo, kí ó máa ṣírò owó kékeré mọ́ owó kékeré. Gbogbo àwọn tí wọ́n mọ Dick Tiger nígbà tí ó ti lówó ni wọ́n jẹ́rìí sí i pé kì í ná ìná àpà. Ó jọ pé inú ìgò ni ó ti kọ́ ọ.

Aba náà ni ó ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, nínú ẹgbẹ́ ìdárayá tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀. Ó yẹ kí a ya ẹ̀ṣẹ́ kíkàn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìjàkadì tí àwọn baba wa mọ̀. Bí Ìgbò ṣe ní ìjàkadì tiwọn náà ni Yorùbá ní tirẹ̀: èwe ń jà á lábẹ́ òṣùpá, ìlù ń dún, ẹ̀yìn ẹni tí ó bá kan ilẹ̀ ni a ó fi mọ ẹni tí a dá. Ìyì ni èrè rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí àwọn òyìnbó mú wá ní tirẹ̀ ní ìbọ̀wọ́, ó ní agogo, ó ní abala tí a ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀, ó sì ní owó ìwọlé. Ọmọ tí ń ta ìgò rí i pé ohun tí àwọn baba òun ń ṣe fún ìyì lè di ohun tí òun yóò máa jẹun níbẹ̀.

Ní ọdún 1952 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà fún owó. Àwọn tí ó bá pàdé nígbà náà ní orúkọ tí etí kò gbọdọ̀ gbọ́ kí ó má rẹ́rìn-ín: Easy Dynamite, Lion Ring, Mighty Joe, Super Human Power. Ẹni tí ó bá mọ ìnagijẹ tí àwọn oníjàkadì ilẹ̀ Yorùbá máa ń fún ara wọn kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Orúkọ ni a fi ń dẹ́rù ba ọ̀tá kí ọwọ́ tó kan ara. Ihetu náà gba tirẹ̀, ó di Tiger nítorí bí ó ṣe máa ń rọ́ lu ẹni tí ó dojú kọ. Ẹranko tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ní igbó ilẹ̀ adúláwọ̀ rárá, ẹkùn tiwa ni ó súnmọ́ ọn jù. Láàrin gbogbo àwọn orúkọ ńláńlá ọjọ́ náà, tirẹ̀ nìkan ni ó jáde kúrò ní Nàìjíríà tí ẹnikẹ́ni sì tún ń rántí.

Kì í ṣe pé kò rí ẹni tí ó borí rẹ̀ nílé. Tommy West nà án ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1955 fi ń parí, ó ti ṣẹ́gun púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ibi tí ó kù láti lọ ju òkè òkun. Hogan Bassey, ọmọ Calabar tí ó dàgbà ní Èkó, ti lọ sí Liverpool ṣáájú rẹ̀, ó sì ti ń ní orúkọ níbẹ̀. Peter Banasko, ọmọ bíbí Liverpool tí òun náà ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, ni ó ń ṣe alámòójútó Bassey. Òun kan náà ni ó gba Dick Tiger sọ́dọ̀.

Níbí ni ìtàn náà ti yí. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Dick Tiger jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pàdánù, tẹ̀léra-tẹ̀léra. Alan Dean borí rẹ̀, Gerry McNally borí rẹ̀, Jimmy Lynas borí rẹ̀, George Roe náà borí rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká nínú wọn. Ìgbà òtútù ni ó dé, oúnjẹ ibẹ̀ ṣàjèjì sí i, ó sì ń ṣe làálàá ní ilé iṣẹ́ ọ̀dà kí ó lè rí owó ilé san. Ó dàbí ẹni pé ìdí kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju òtútù lọ. Ní Nàìjíríà, òǹwòran fẹ́ kí akànṣẹ́ wọlé tọ ọ̀tá rẹ̀ kí ó sì wó o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adájọ́ ìjà ń ka ẹ̀ṣẹ́ tí ó bá bà, bí ó tilẹ̀ fúyẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń na ọwọ́ kí ó sì sá sẹ́yìn lè borí ẹni tí ó lágbára jù ú. Ohun tí Tiger mọ̀ ọ́n ṣe ni wọn kò kà sí.

Kì bá padà wálé. Ọjà Aba ṣì wà níbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Dick Tiger wo ẹ̀yìn, ó yẹ ìjà ara rẹ̀ wò. Ó ní sùúrù kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ òsì ṣílẹ̀kùn kí ọwọ́ ọ̀tún tó wọlé, ó kọ́ bí a ti ń tẹ orí ba kí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tá kọjá lókè. Kò ga, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fẹ̀, apá rẹ̀ sì nípọn. Nígbà tí ó yá, ẹ̀ṣẹ́ òsì rẹ̀ tí ó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá di ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ìjà kan wà tí ó fi ìyípadà yìí hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1957, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń tọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Terry Downes, tí ó ti ṣe ọmọ ogun ní Amẹ́ríkà rí. Ìjà méjì péré ni ó tíì jà fún owó, ìrètí púpọ̀ sì wà lára rẹ̀. Wọ́n wá ẹni tí kò ní ni í lára púpọ̀ fún un, wọ́n sì mú ọmọ Nàìjíríà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó ti pàdánù léraléra. Kí abala kẹfà tó bẹ̀rẹ̀, Downes kò lè jà mọ́. Downes yìí kan náà ni ó di olúborí àgbáyé ní ọdún 1961, nítorí náà kì í ṣe ọ̀lẹ ni Tiger nà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà là. Ní ọjọ́ 27, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1958, ní Liverpool níbi tí ojú ti tì í, ó gbé Pat McAteer ṣánlẹ̀ ní abala kẹsàn-án, ó sì gba bẹ́líìtì gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju pọ́n-ùn 160 lọ. Ní ọdún 1959 ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ń gbé ìjà wọ ilé àwọn ènìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ó bá ń rọ́ síwájú láìsinmi ni wọ́n sì fẹ́ràn láti wò. Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kà sí ni Amẹ́ríkà ń sanwó fún. Àwọn ará New York mọ̀ ọ́n mọ́ fìlà dúdú onílé kan tí ó máa ń dé bí òṣìṣẹ́ báńkì, àti mọ́ ohùn pẹ̀lẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1962 ó ṣẹ́gun Florentino Fernández àti Henry Hank, kò sì sí àwáwí tí àwọn aláṣẹ tún lè ṣe mọ́.

Ní ọjọ́ 23, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1962, ní San Francisco, òun àti Gene Fullmer ará ìpínlẹ̀ Utah ja abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Tiger sì gba bẹ́líìtì àgbáyé. Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù Èrèlé ọdún 1963, ọ̀mì ni wọ́n ta. Ìjà kẹta ni a gbé wá sí Ìbàdàn. Jack Solomons, gbajúmọ̀ olùgbékalẹ̀ ìjà ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́wọ́ sí ètò náà, ìjọba Nàìjíríà sì tì í lẹ́yìn, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ó gba òmìnira fẹ́ kí ayé rí òun.

Kò sí bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ kí a má dárúkọ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí rẹ̀ títí di ìparí ọdún 1959 ni ó dáwọ́ lé pápá Liberty, a sì ṣí i ní ọdún 1960. Ní ọjọ́ tí ènìyàn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ láti wo Dick Tiger, Awólọ́wọ̀ wà ní àhámọ́, ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ ń lọ lórí rẹ̀ ní Èkó. Oṣù kan lẹ́yìn ìjà náà ni a dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un. Orúkọ rẹ̀ ni pápá ìṣeré ọ̀hún ń jẹ́ láti ọdún 2010.

Ní ti ìjà fúnra rẹ̀, kò gùn. Tiger kò fún Fullmer ní àyè láti mí. Ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gba inú, ó ń fi gba ojú, ojú ọ̀tá rẹ̀ sì là. Nígbà tí agogo abala kẹjọ yóò fi lù, Fullmer kò dìde kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, kò sì tún jà mọ́ láyé rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ja ìjà bẹ́líìtì àgbáyé ní Nàìjíríà. Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti àwọn ẹ̀yà mìíràn jọ pariwo orúkọ ọmọ Ìgbò kan ní àárín ìlú Ìbàdàn, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Ọdún mẹ́rin péré ni ó kù kí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yára. Joey Giardello gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí ọdún 1963 kan náà, ó gbà á padà ní 1965, Emile Griffith tún gbà á ní 1966. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1966 ó gun ìwọ̀n tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gba bẹ́líìtì José Torres. Bob Foster ni ó gbé e ṣubú ní 1968. Nígbà tí ogun dé, ó dúró ti Biafra, ó wọ iṣẹ́ ológun wọn, ó sì dá àmì ẹ̀yẹ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà nítorí ìrànlọ́wọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn ogun, ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ó padà wá sí Aba, ìlú tí ó ti ta ìgò, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1971. Ẹni ọdún 42 ni.