Paul Mauser: Alágbẹ̀dẹ Ìbọn Ilẹ̀ Jámánì (1838–1914)

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1838 ni a bí Paul Mauser ní ìlú Oberndorf, ní ilẹ̀ Jámánì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́tàlá. Iṣẹ́ ìbọn rírọ ni baba rẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ni òun àti Wilhelm, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jogún. Wilhelm kú ní ọdún 1882, ṣùgbọ́n Paul kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ìbọn rẹ̀ ti ọdún 1898 ni ó lókìkí jù lọ. Ọta márùn-ún ni ó ń gbà. Ọwọ́ ni ayinbọn fi ń fa irin ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, tí yóò sì tì í padà, kí ó tó lè tún un yìn. Mauser fi ìdè kẹta kún méjì tí ó de irin náà, kí ó má baà fò lu ayinbọn lójú.

Ó tún ń wá ọ̀nà láti ṣe ìbọn tí yóò máa ki ara rẹ̀. Níbi tí ó ti ń dán ọ̀kan wò ní ọdún 1901 ni ó ti pàdánù ojú rẹ̀ kan. Ó jáde láyé ní oṣù karùn-ún ọdún 1914. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìbọn àfọwọ́kì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Jámánì gbé lọ sójú ìjà.