Dénrelé Ọbasá, Akéwì àti Olóòtú Ìwé Ìròyìn (1879–1945)

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni ó mọ orúkọ àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè àwọn akéwì tiwa, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wa lẹ́nu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa gbọ́ díẹ̀ nípa Olóògbé Dénrelé Ọbasá, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìkirè àti Àpòmù wa níhìn-ín.

A bí Ọbasá ní ọdún 1879, nígbà tí ogun Kírìjì ń jà lọ́wọ́. Nígbà tí ogun náà tán ní ọdún 1893, ayé ti ń yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ kọjú sí ilé-ìwé àti iṣẹ́ òyìnbó, àwọn àgbà tí ó mọ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ sì ń kú lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọbasá kò káwọ́ lérí. Ó ń gba òwe àti ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1914, ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àgbà-Ò-Tán sílẹ̀ ní Ìbàdàn, láti wá ìtàn àti àṣà Yorùbá rí. Ní ọdún 1924, ó dá ìwé ìròyìn Yoruba News sílẹ̀, ó sì ṣe olóòtú rẹ̀. Nígbà tí ó ti ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní láti bẹ̀ kí ewì Yorùbá tó di títẹ̀. Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní ọdún 1927, Ìwé Kejì ní 1934, Ìwé Kẹta ní 1945, ọdún tí ó kú.

Àwọn kan lè wí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni ó kó jọ. Ẹ jẹ́ kí a wo dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù, tí ẹlòmíràn ìbá dànù, ni àwọn ìyá wa gún, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì dín, tí ó fi di oúnjẹ tí a ń fi orúkọ ìlú wa pè. Bẹ́ẹ̀ ni Ọbasá to ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lẹ́sẹẹsẹ, tí ó sì fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, àwọn àgbà ń bẹ ní Ìkirè, wọ́n ń bẹ ní Àpòmù. Wọn kì yóò dúró dè wá títí. Ẹ mú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n.