Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, Agbẹ́gilére Àwọn Ọba

 Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, àwòrán ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ alága àti orúkọ àwọn tó dáwó ló sábà máa ń pọ̀. Gbogbo ìyẹn wà níbí, ó sì yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n a rò ó pé kò ní dára kí a máa ka iṣẹ́ tiwa nìkan, bí ẹni pé àwa la kọ́kọ́ ṣe nǹkan ní ìlú yìí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìdí nìyí tí a fi ya ojú ìwé yìí sọ́tọ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn tó ṣáájú wa, Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, ẹni tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé orúkọ Ìsẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dé.

Ìsẹ̀ kọ́ ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, láàárín nǹkan bí ọdún 1873 sí 1875. Ọmọdé ló wà nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ kojú Ìbàdàn. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di ọdún 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ká kúrò ní bùdó. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n yóò mọ̀ pé ìlú oníṣẹ́ ọnà ni, àwọn agbẹ́gilére tó lórúkọ ti ibẹ̀ jáde. Ọlọ́wẹ̀ kúrò níbẹ̀ wá sí Ìsẹ̀, ibí ló sì gbé títí ó fi kú. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni nípa ìbí, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú wa ló ń bá orúkọ tirẹ̀ rìn káàkiri ayé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ ti ibòmíràn wá, tí ẹ fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, ẹ gbọ́ o: ìlú tí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ fún tọkàntọkàn kì í gbàgbé rẹ̀.

Ní ààfin Arínjálè, ẹni tí ọba ń rán níṣẹ́ ni Ọlọ́wẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e kọjá ibẹ̀. Ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ìsẹ̀, òkìkí iṣẹ́ náà sì kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba mìíràn ní Èkìtì àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é. Tó bá ti dé ìlú ọba bẹ́ẹ̀, òun àti àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ lè pẹ́ níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí.

Ó yẹ kí àwa tí a ń ra ilẹ̀kùn onírin lónìí mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Odidi ìtì igi ló máa ń wà níwájú agbẹ́gilére. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n máa ń pín iṣẹ́ náà sí. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: yóò fi àáké gé igi náà títí a ó fi mọ ibi tí orí, ara àti ẹsẹ̀ yóò wà. Èkejì ni àlétúnlé: ojú, etí, apá àti ìka yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀kẹta ni dídán: yóò mú gbogbo ara ère náà jọ̀lọ̀. Ẹ̀kẹrin ni fínfín: yóò fi ọ̀bẹ fín irun dídì, ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ. Èyí tí àáké bá ti gé kúrò kò ṣeé lẹ̀ padà. Nítorí náà, kí ó tó gbé àáké sókè ni gbogbo ère náà ti gbọ́dọ̀ pé sínú orí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agbẹ́gilére ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ti Ọlọ́wẹ̀ yàtọ̀. Lára ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn gbẹ́, ère máa ń lẹ̀ mọ́ pákó ni. Ti Ọlọ́wẹ̀ máa ń yọ síta gan-an, débi pé orí àti ọrùn àwọn kan kúrò lára pákó, tí wọ́n sì yíjú sí ẹni tó ń wọlé bí ìgbà tí ará ilé bá ń wo àlejò. Ó fín ọnà sí ẹ̀yìn wọn, ó sì fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn wọ́n. Ènìyàn tirẹ̀ ga, ọrùn wọn gùn, wọ́n sì máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 ló ṣiṣẹ́ fún Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ìlú òkè Olósùnta, tí kò jìnnà sí wa. Ó gbẹ́ àwọn òpó sí àgbàlá ààfin náà. Ọ̀kan nínú wọn yẹ kí a dúró wò dáadáa. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé, ẹyẹ sì wà lórí adé náà. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ga ju ọba lọ, òun gan-an ló sì dà bí òpó tó gbé òrùlé ró. Ọba kéré níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ kanlẹ̀. Àwọn ère kéékèèké wà nísàlẹ̀, ọ̀kan kúnlẹ̀, ọ̀kan ń fun fèrè. Ọlọ́wẹ̀ kò fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́. Ààfin ọba náà ni wọ́n gbé òpó ọ̀hún nà sí. Ohun tí gbogbo ará ààfin mọ̀ ló gbẹ́ sínú igi: adé kì í dá dúró, àwọn kan wà lẹ́yìn ẹni tó dé e. Àwọn ìyàwó wa tí wọ́n bá wa gbé ẹgbẹ́ yìí ró fún ọdún mẹ́wàá yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ilẹ̀kùn ló tún gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ kan náà. Abala méjì ni. Lórí abala kìíní, Ògògà jókòó, olorì dúró tì í, àwọn ará ààfin sì wà nísàlẹ̀. Lórí abala kejì, aláṣẹ òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Ambrose ń bọ̀ wá kí ọba, wọ́n gbé e nínú ohun ìgbérù ọlọ́lá, àwọn aláàárù sì ń tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilẹ̀ wa ni ìbẹ̀wò yẹn ṣẹlẹ̀. Àwọn òyìnbó kọ ti wọn sínú ìwé. Ọlọ́wẹ̀ kọ tiwa sára ilẹ̀kùn. Nínú èyí tó kọ, ọba wa ló jókòó sí ààyè rẹ̀, òyìnbó ló ń bọ̀ wá bá a.

Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará British Museum rí i, wọn kò sì fẹ́ kó padà sílé mọ́. Ògògà kò gbà láti tà á. Níkẹyìn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ṣe di ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a bá sọ ìtàn yìí láàárín ara wa, àwọn kan máa ń bínú sí ọba náà pé ó fi wúrà gba bàbà. Inú wa náà kò dùn pé ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó tẹ̀ lé e: Ọlọ́wẹ̀ ni wọ́n tún gbé iṣẹ́ fún pé kó gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò èyí tó lọ. Agbẹ́gilére náà wà láàyè, ọwọ́ rẹ̀ kò rọ, igi wà nínú igbó. Ìlú tó bá ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ lè pàdánù ilẹ̀kùn kan kó sì tún ní òmíràn.

Ọwọ́ náà ṣì ní ohun púpọ̀ láti ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 1925, ó gbẹ́ igbá olómọrí kan tó wà ní Washington ní Amẹ́ríkà báyìí. Obìnrin kan kúnlẹ̀ gbé igbá náà, àwọn ère kéékèèké ń bá a gbé e, àwọn obìnrin sì ń jó lórí ọmọrí. Nísàlẹ̀, láàárín àwọn ère tó kúnlẹ̀, orí ènìyàn kan dá wà lọ́tọ̀. Ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò ṣeé mú jáde. Ẹnikẹ́ni kò kì í bọ ibẹ̀ láti ìta; inú igi kan náà ni Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ẹ, ó ki ọ̀bẹ gba àárín àwọn ère yòókù títí orí náà fi já sílẹ̀. Òpó olorì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà ní Chicago, òpó rẹ̀ mìíràn sì wà ní New York.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní ọdún 1938. Láyé ìgbà náà, àwọn tó ń kó iṣẹ́ ọnà wa lọ sókè òkun kì í sábà béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére ló ṣe iṣẹ́ tí ayé ń wò lónìí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn mọ́. Ti Ọlọ́wẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé rẹ̀ kò jẹ́ kó parẹ́. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì wà ní Ìsẹ̀ níbí tó lè ki oríkì rẹ̀, tó sì ń dárúkọ àwọn ibi tó ti ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Pemberton láti Amẹ́ríkà gba oríkì náà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1998, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ni igbá yẹn ní Washington fi odidi ìpàtẹ kan dá Ọlọ́wẹ̀ nìkan lọ́lá. Obìnrin kan tó ń ki ọkọ rẹ̀ nínú agboolé ni kò jẹ́ kí okùn náà já.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ohun méjì ni a rí kọ́. Ìkíní ni orúkọ. Ẹ jẹ́ kí a padà sí agboolé kálukú wa, kí a béèrè orúkọ àwọn tó mọ ilé, tó rọ irin, tó hun aṣọ, tó lu ìlù, kí a sì kọ wọ́n sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tó lè sọ ọ́ ṣì wà pẹ̀lú wa. Ìkejì ni ọwọ́. Tí ohun kan bá kúrò ní ààfin wa lónìí, ta ni a ó ránṣẹ́ pè láti gbẹ́ òmíràn? A kò gbọ́dọ̀ fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ láìdáhùn títí a ó fi pé ogún ọdún. Ẹgbẹ́ tó lè ra aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún lè san owó ẹ̀kọ́ ọmọ kan tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ igi gbígbẹ́. A ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a sì bẹ̀ yín kí ẹ má wá pẹ̀lú ẹnu nìkan.

Ọlọ́wẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n òpó rẹ̀ ṣì dúró. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohun tí àwa náà bá gbé kalẹ̀ dúró lẹ́yìn wa. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ ọdún láyé. Àṣẹ.