Mickey Thompson, Ògbóǹtagí nínú Eré Ọkọ̀

Nínú àwọn tí ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sá eré ìje ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, díẹ̀ ni òkìkí wọn kàn tó ti Mickey Thompson. Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1928 ni a bí i ní ìlú Alhambra, ní ìpínlẹ̀ California. Marion Lee ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Mickey ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ó di géńdé, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Los Angeles Times. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, ìdí ọkọ̀ ni ó máa ń wà.

Eré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ California fẹ́ràn púpọ̀ ní àkókò náà. Ọkọ̀ méjì a dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ọ̀nà tí ó tọ́ gbọnrangandan. Bí a bá ti fún wọn ní àmì, wọn a bẹ́ jáde, èyí tí ó bá sì kọ́kọ́ dé òpin ìdá mẹ́rin máìlì kan ni ó borí. Eré náà kò gùn rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣòfò ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà rí i gbà padà mọ́.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí táyà kò fi lè gbà á mọ́. Bí awakọ̀ bá ti tẹ iná ọkọ̀, táyà ẹ̀yìn, èyí tí ń ti ọkọ̀ lọ, a máa yí lójú kan, èéfín a sì bo gbogbo ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ọkọ̀ akẹ́rù tí ó rì sínú ẹrẹ̀ ní ìgbà òjò yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ẹ́ńjìnnì a máa ké, táyà a máa ta ẹrẹ̀ sára ènìyàn, síbẹ̀ ọkọ̀ kò ní í mira. Nígbà mìíràn àwọn èrò a gun ẹ̀yìn rẹ̀ láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí táyà lè di ilẹ̀ mú. Alágbára-má-mèrò ni baba ọ̀lẹ. Ẹ́ńjìnnì ńlá tí táyà rẹ̀ kò di ilẹ̀ mú kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1954, Thompson kan ọkọ̀ kan tí ó yàtọ̀. Nínú ọkọ̀ ti àwọn ẹlòmíràn, iwájú táyà ẹ̀yìn ni awakọ̀ ń jókòó sí. Thompson gbé àga awakọ̀ lọ sí ẹ̀yìn táyà náà, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí pé awakọ̀ jókòó ní ìdí pátápátá, bí òkúta nínú awọ kànnàkànnà, kànnàkànnà ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní èdè wọn. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń sá eré náà fi ń kan irú rẹ̀ káàkiri.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kí a kàn di ẹrù lé ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti bẹ́ síwájú, ìwúwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ a sún sẹ́yìn. Bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, táyà iwájú a gbéra nílẹ̀, òun sì ni a fi ń darí ọkọ̀. Bí iwájú bá sì wúwo jù, táyà ẹ̀yìn a máa yọ̀. Bákan náà ni táyà: èyí tí ó rọ̀ a máa di ilẹ̀ mú dáradára, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹ. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dín díẹ̀, a tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Bí ó bá dín jù, ọkọ̀ a máa mì lórí eré. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Thompson rí nǹkan wọ̀nyí lójoojúmọ́, nítorí láti ọdún 1955 òun ni alábòójútó pápá eré Lions nítòsí Long Beach. Ní 1963 ó dá ilé iṣẹ́ táyà sílẹ̀, a sì ń ta táyà tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Síbẹ̀ ọgbọ́n náà ní ewu tirẹ̀. Iwájú awakọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, jíà sì wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá fọ́, òun ni yóò bá. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta ọdún 1970, ní pápá Lions yìí kan náà, jíà ọkọ̀ Don Garlits fọ́ yángá, ó sì gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Garlits mú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀ jáde, ó sì fi í borí. Díẹ̀díẹ̀ ni a pa kànnàkànnà tì.

Thompson tún fẹ́ sáré ju gbogbo ayé lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah, ó wa ọkọ̀ Challenger tí ó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, eré rẹ̀ sì ju máìlì 406 lọ ní wákàtí kan. Òun ni ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó kọjá 400. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kí a sá a lálọ àti lábọ̀. Ọkọ̀ bàjẹ́ nígbà àbọ̀, a kò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé. Ní 1968 ó kan òmíràn, Challenger 2, ṣùgbọ́n òjò ba pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà jẹ́, a sì gbé ọkọ̀ náà pamọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹta ọdún 1988, àwọn apànìyàn yìnbọn pa òun àti Trudy aya rẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn ní Bradbury, California. Ẹni ọdún 59 ni. Ọdún 2007 ni ilé ẹjọ́ tó dá ẹni kan tí ó ti bá a da òwò pọ̀ rí lẹ́bi ikú wọn.

Ẹni tí ó bímọ kò kú tán. Danny ọmọ rẹ̀ gbé Challenger 2 jáde, ó tún un ṣe, ó sì fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ní Bonneville, ó wà á lálọ àti lábọ̀ ní ìwọ̀n tí ó ju máìlì 448 lọ ní wákàtí kan. Àbọ̀ tí baba kò rí sá ní 1960, ọmọ sá a parí nínú ọkọ̀ baba rẹ̀.