Maurice Wilks: Ọkùnrin tí jíìpù ológun àlòkù mú kó ṣẹ̀dá Lándírófà

Àwọn àgbàlagbà tó gbọ́njú kí ọdún 1980 tó dé nílẹ̀ Yorùbá mọ Lándírófà dáadáa. Òun ni ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ń gbé kiri, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń wà wọ ìgbèríko, ibi tí mọ́tò mìíràn bá sì rì sí nínú ẹrẹ̀, òun ni wọ́n máa ń wá kiri láti fà á jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè pé ta ló kọ́kọ́ ronú kan ọkọ̀ náà, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni yóò lè dárúkọ Maurice Wilks. Ẹnjiníà oníwà jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ ariwo. Ohun tó sì gbé e dé ìdí iṣẹ́ tó mú un lókìkí kò ju wàhálà jíìpù ológun àlòkù kan tó ń lò nínú oko rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní erékùsù Hayling, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tó kàwé tán ní Malvern College, ó bọ́ sí ilé iṣẹ́ mọ́tò Hillman lọ́dún 1922. Ní 1926, ó kọjá sí Amẹ́ríkà, ó lo nǹkan bí ọdún méjì lọ́dọ̀ General Motors, ibẹ̀ ló sì ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe mọ́tò lọ́pọ̀ yanturu láìjẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́. Ó padà sí Hillman, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Spencer Wilks, tó fi nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ, tó sì fẹ́ ọmọ William Hillman fúnra rẹ̀, ti lọ sí ilé iṣẹ́ Rover. Lọ́dún 1930, Maurice tẹ̀ lé e lọ. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì di ìbejì tí kò bára wọn wọ́jà: Spencer mojú tó owó àti ènìyàn, Maurice mojú tó irin àti ẹ́ńjìnnì.

Rover kò dúró dáadáa nígbà náà. Gbèsè wà lọ́rùn wọn, ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe pọ̀ ní oríṣi ju èyí tí ọjà fẹ́ lọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí gé oríṣi kù, wọ́n sì gbájú mọ́ ọkọ̀ tó dákẹ́, tó sì lálòpẹ́, irú èyí tí dókítà àti lọ́yà yóò fẹ́ láti gùn. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939, Rover ti ń jèrè.

Ogun náà fún Maurice Wilks ní iṣẹ́ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàbùkù rẹ̀. Ìjọba gbé ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì tí Frank Whittle ronú kàn fún Rover láti ṣe. Whittle àti àwọn Wilks kò gbọ́ra wọn yé. Whittle gbà pé wọ́n ń fi iṣẹ́ òun ṣòfò, wọ́n sì ń yí i padà lẹ́yìn òun. Àwọn ará Rover ní tiwọn gbà pé ohun tí ó yà sórí ìwé kò tíì ṣeé ṣe ní ilé iṣẹ́. Ẹ̀bi wà ní ìhà méjèèjì, kò sì sí ìdí láti bo ti Wilks mọ́lẹ̀, nítorí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn tí wọ́n tún tò lọ́nà tiwọn láìsọ fún Whittle. Ìparí rẹ̀ ni pé Rolls-Royce gba iṣẹ́ jẹ́ẹ̀tì náà lọ́dún 1943, Rover sì gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ogun onírin tí wọ́n ń pè ní Meteor ní pàṣípààrọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí Wilks bẹ̀rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ló di Derwent, èyí tí Rolls-Royce ṣe tó sì gbayì.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, ìṣòro mìíràn ń dúró. Bọ́ǹbù Jámánì ti ba ilé iṣẹ́ Rover tó wà ní Coventry jẹ́, wọ́n sì ti kó lọ sí Solihull, ibi tó tóbi ju iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn lọ. Irin kò sí lọ́jà. Ìjọba ló ń pín in, ẹni tó bá sì ń ta ọjà sókè òkun tó ń mú owó ilẹ̀ òkèèrè wọlé ni wọ́n ń fún. Ọkọ̀ olówó iyebíye tí Rover mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe ohun tí ayé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ogun ń wá. Bí wọn kò bá rí nǹkan mìíràn tà, òṣìṣẹ́ yóò lọ sílé, ilé ńlá náà yóò sì ṣófo.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí Wilks ń lo jíìpù rẹ̀ ní Anglesey, erékùsù kan ní àríwá ilẹ̀ Wales, níbi tó ní ilé àti ilẹ̀ oko sí. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn oníyọ̀ sì ń fẹ́ wọlé láti orí òkun. Ó nílò ohun tí yóò máa fa igi, tí yóò máa kó ẹrù, tí yóò sì máa gun òkè tí mọ́tò lásán kò lè gùn. Jíìpù tí ogun ti lò gbó ló rà fún un.

Ọdún 1940 ni ìjọba Amẹ́ríkà ké sí ilé iṣẹ́ tó lé ní 130 pé kí wọ́n wá ṣe ọkọ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò máa fà. Bantam, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Pennsylvania, ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ dé, kí Willys àti Ford tó wá ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Èyí tí wọ́n ṣe kí ogun tó parí lé ní 600,000. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin 60, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ojú ogun ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ tí àdó olóró lè fọ́ lọ́la kì í rò ó pé àgbẹ̀ kan yóò ṣì máa fi kó koríko ẹran lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Àìsàn jíìpù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti tún un ṣe rí. Bátìrì fóòtì 6 péré ló ń lò. Ní òwúrọ̀ tí òtútù bá mú tí ọ̀rinrin sì wà, ìpẹtà díẹ̀ lẹ́nu wáyà tó so bátìrì mọ́ ara irin ọkọ̀ ti tó láti mú kí ẹ́ńjìnnì máa yí fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀ láìgbaná. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sáré tú kabúrétọ̀ palẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ ha ẹnu wáyà náà mọ́, yóò yọ púlọ́ọ̀gì wò bóyá iná ń ta, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó wo ife gíláàsì tó wà lára pọ́ǹpù epo, bóyá omi tàbí ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́.

Àrùn tó tún le jù ú lọ wà nínú gíà. Gíábọ́ọ̀sì jíìpù àti àpótí gíà kejì tó ń pín agbára fún ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, epo inú ọ̀kan yóò máa rọra ṣí lọ sínú èkejì, tí ọ̀kan yóò fi gbẹ tí èkejì yóò sì kún àkúnya. Mẹkáníìkì tó bá yẹ ọ̀kan ṣoṣo wò yóò pa á dé, yóò ní kò sí wàhálà, títí eyín gíà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bíréèkì ọwọ́ sì wà lẹ́yìn àpótí kejì yìí gan-an, tó fi jẹ́ pé bí epo bá ti jò dé ibẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró mọ́ lórí ibi tó ga. Ní iwájú, irin kékeré kan wà láàárín tó ń gbé ìdarí láti ọwọ́ awakọ̀ lọ sí táyà méjèèjì. Bí ìdí rẹ̀ bá ti jẹ, awakọ̀ yóò yí sítíárìn lọ díẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbọ́. Ká má tíì sọ ti páànù ìsàlẹ̀ tí omi iyọ̀ ń jẹ.

Kò sí èyí tó kọjá agbára ẹnjiníà bíi Wilks nínú gbogbo rẹ̀. Páàtì ni ìṣòro. Ìwọ̀n nọ́ọ̀tì àti bóòtì Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sípánà tó wà nínú àpótí mẹkáníìkì Gẹ̀ẹ́sì kì í bá a mu rẹ́gí, ẹni tó bá fi tipátipá lò ó yóò jẹ etí nọ́ọ̀tì náà dànù. Dọ́là ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, ríra páàtì láti Amẹ́ríkà kò sì rọrùn. Ohun tó kù ni kí ènìyàn máa tú jíìpù kan láti fi tún òmíràn ṣe.

Ìdílé náà sọ ọ́ pé Spencer ló bi àbúrò rẹ̀ ní ohun tí yóò ṣe nígbà tí jíìpù náà bá kú pátápátá. Maurice dá a lóhùn pé òun yóò ra òmíràn ni, nítorí kò sí irú rẹ̀ mìíràn lọ́jà. Ìdáhùn yìí burú lẹ́nu olórí ẹnjiníà ilé iṣẹ́ mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 1947, ní etí òkun Red Wharf Bay ní Anglesey, Maurice fi igi ya àwòrán ọkọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀ sórí iyanrìn. Omi òkun ti gbé àwòrán náà lọ tipẹ́, àmọ́ èrò inú rẹ̀ kò bá omi lọ.

Kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n ra jíìpù àlòkù wá sí Solihull, Gordon Bashford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú u palẹ̀, wọ́n wọn gbogbo rẹ̀. Orí ṣáàsì jíìpù ni wọ́n to ọkọ̀ àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ sí, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Rover, sítíárìn sì wà láàárín gbùngbùn bíi ti katakata. Wọ́n pa ti sítíárìn àárín tì nígbà tó yá. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìgbìmọ̀ Rover fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe nǹkan bí 50 dán an wò.

Àìní ló yàn ọ̀pọ̀ ohun tí ayé wá fi mọ Lándírófà. Nítorí irin ṣọ̀wọ́n, àdàlù alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Birmabright ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi yẹra fún ìpín ìjọba wá di ohun tí kì í dípẹtà. Nítorí owó kò sí fún ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ irin, wọ́n gé irin pẹlẹbẹ, wọ́n sì jó o pọ̀ di ṣáàsì. Ara rẹ̀ gún gbọọrọ nítorí pé páànù tó gún rọrùn láti fi ọwọ́ tẹ̀. Ẹni tí igi bá gbún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè tú bóòtì, kó yọ apá tó bàjẹ́, kó fi tuntun sí i. Èyí gan-an ni àǹfààní tí Wilks rí lára wàhálà jíìpù rẹ̀: ó ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tó ń jò, ó mọ ibi tí ọwọ́ kì í ráyè wọ̀.

Ọjọ́ 30, oṣù kẹrin, ọdún 1948 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Amsterdam. Iye rẹ̀ jẹ́ 450 pọ́ùn, ẹni tó bá sì fẹ́ ilẹ̀kùn tàbí òrùlé yóò san owó lé e. Àwọn Wilks rò pé yóò fi ọdún méjì sí mẹ́ta gbé ilé iṣẹ́ náà ró títí ọjà mọ́tò wọn yóò fi là. Kò pẹ́ tí Lándírófà fi ń tà ju gbogbo mọ́tò Rover yòókù lọ. Ní 1959, wọ́n ti ṣe 250,000.

Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rà á ní 1949. Ìjọba ti ń na owó ńlá lórí jíìpù tiwọn, Austin Champ, ọkọ̀ alágbára tó ní ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce, ṣùgbọ́n tó wọ́n, tó sì nira láti tọ́jú. Lándírófà, tí àgbẹ̀ lè tún ṣe lábẹ́ igi, ló borí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ jíìpù ológun ṣe padà sójú ogun. Nígbà tó yá, wọ́n ń tò ó ní ilé iṣẹ́ Leyland n'Ìbàdàn pẹ̀lú.

Wilks fúnra rẹ̀ kò gbàgbé ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì. Ní 1950, Rover gbé JET1 jáde, mọ́tò àkọ́kọ́ láyé tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ó sì kọjá kìlómítà 240 láàárín wákàtí kan ní Belgium lọ́dún 1952. Ó ń mu epo bí ẹní ń da omi sórí iyanrìn, kò sì dé ọjà.

Lọ́dún 1962, ó di alága Rover lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò lo ọdún méjì nípò náà. Ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1963 ló kú ní Anglesey, ní ẹni ọdún 59. Spencer wà láyé títí di 1971, ó sì rí Range Rover, tí Spen King, ọmọ arábìnrin wọn, gbé jáde ní 1970. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ HUE 166, wà nípamọ́ títí dòní, ó sì ṣì ń rìn.