Àjàyí Crowther Lórí Ìjókòó Akẹ́kọ̀ọ́

Gbogbo wa la mọ Samuel Àjàyí Crowther, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà, ní ọdún 1864. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ń rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ àjèjì.

A bí i ní Òṣoogùn ní nǹkan bí ọdún 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró, níbi tí ó ti mọ̀wé. Ní 1826, wọ́n mú un dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní Islington fún oṣù díẹ̀. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Ara ọ̀dọ́ a sì máa tètè mọlé.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó le. Ní 1842, Ẹgbẹ́ C.M.S. ránṣẹ́ pè é wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ní Islington. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ti di olùkọ́ ní Sàró, ó sì fi Susan aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Òun tí ó ti ń kọ́ni tún wá jókòó láàárín àwọn òyìnbó, ó ń fi èdè tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn àti Gíríìkì. Ojú kò tì í.

Nígbà ìdánwò, James Scholefield, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gíríìkì ní Cambridge, ka ìdáhùn rẹ̀ lórí ìwé Paley nípa àwọn ẹ̀rí ìgbàgbọ́ Kristẹni. Ó wú u lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ mú un lọ fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbà pé adúláwọ̀ kò lè ronú jinlẹ̀. Ká ní Crowther kùnà ni, orí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni wọn ì bá gbé ẹ̀bi náà lé.

Síbẹ̀, Gíríìkì kò mú un gbàgbé Yorùbá. Ní 1843 tí a fi í joyè díákónì, ní ọdún kan náà ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó yá, ẹ̀kọ́ Islington di irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti túmọ̀ Bíbélì fún wa.

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń lọ sí yunifásítì òkè òkun. Ẹni tí ó ń gba ipò kìíní níhìn-ín lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ní sáà àkọ́kọ́. Kí ojú má ṣe tì í láti béèrè, kí ó má sì rò pé àfi bí òun bá sọ èdè òun nù ni òun yóò tó mọ̀wé. Ọlọ́run tí ó wà pẹ̀lú Àjàyí ní Islington yóò wà pẹ̀lú wọn. Àmín.