ÌGBÉSÍ-AYÉ BÍṢỌ́Ọ̀BÙ ÀJÀYÍ CROWTHER: AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÀTI OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN

Bí ìjọ wa ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa sì ń lépa oyè ìwé gíga nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọkàn, ó yẹ kí a rántí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣáájú la ọ̀nà yìí fún wa.

A bí Àjàyí ní Òṣòógùn ní nǹkan bí ọdún 1807. Ní 1821 ogun kó ìlú náà, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bọ́ sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Ní April 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì gbé e lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé, tí ó sì gba ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 December 1825. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. tí Yunifásítì Durham gbà mọ́ra ní 1876, tí àwọn ọmọ Áfríkà fi ń gba oyè níbẹ̀.

Ní 1841 ó bá Alùfáà Schön lọ sí Odò Ọya. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó, ó sì hàn gbangba pé ọmọ ilẹ̀ ni yóò lè ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà ni Ẹgbẹ́ ṣe pe Àjàyí sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1842. Olùkọ́ ni nígbà náà, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ní aya àti ọmọ. Síbẹ̀ ó tún jókòó bí ọmọ ilé-ìwé ní Islington. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sọ nígbà náà pé ènìyàn dúdú kò lè ro ìjìnlẹ̀ èrò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Scholefield ti Cambridge, tí ó dán an wò, mú ìdáhùn rẹ̀ lọ fi han irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní June 1843 a fi í joyè díákónì, ní October a fi í jẹ alùfáà.

Kí ni ó fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe? Ní January 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown, fún àwọn tí a gbà lóko ẹrú bí òun. Nítorí ọ̀rọ̀ ìtùnú a máa wọ ọkàn nígbà tí ó bá gba ojú èdè ìyá ẹni wọlé. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀ Àfàlá lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò sí ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tó èyí: òun ọmọ ni olùṣọ́, ìyá ni àgùntàn. Ó di 1848 kí ìyá náà tó gba ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah.

Ní ọjọ́ 29 June 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury; Oxford sì fún un ní oyè D.D. ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó rẹ̀ korò. Ní 1890 àwọn òjíṣẹ́ ọ̀dọ́ láti òkè òkun lé púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ìbànújẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe é, kò sì fi agbo sílẹ̀ títí ó fi sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 December 1891.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wá oyè, ẹ wá a tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nítorí agbo ni. Kí Ọlọ́run Baba wa fún ìjọ yìí ní irú olùṣọ́ bẹ́ẹ̀. Àmín.